Èdè wo ló yẹ kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé? Ohun tí ìwádìí rí, àti ibi tí iyàn wà

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ti kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà máa fi kọ́mọ, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, oríṣiríṣi nǹkan ni etí àwọn èèyàn ti gbọ́. Àwọn kan gbọ́ pé ìjọba ti fòfin de Yorùbá nílé-ìwé. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ìwádìí ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé èdè abínibí ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Àwọn kan sì ní rárá o, pé ìwádìí ti fìdí òdìkejì ẹ̀ múlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Gbogbo wọn ló ń fi ìwádìí búra. Ṣùgbọ́n ìwádìí wo? Ta ló ṣe é? Àwọn ọmọ wo ni wọ́n wò, àwọn wo ni wọ́n sì fi wọ́n wé? Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó síwájú tíṣà lónìí, tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò yé òun. Ó tó ohun tí a ń fara balẹ̀ tú wò.

Kí ni mínísítà sọ gan-an?

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá ni, níbi àpérò kan lórí èdè àti ẹ̀kọ́ tí British Council ṣe ní Àbújá. Mínísítà sọ níbẹ̀ pé wọ́n ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́mọ. Ìpàdé 69 irú ẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe ní Àkúrẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni wọ́n ti fẹnu kò. Àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo ló máa ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àbújá nìkan.

Ìdí tó fi síwájú ni pé àwọn ẹkùn tó lo èdè abínibí jù lọ ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù lọ nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ó ní ẹ̀rí ni ìjọba ń tẹ̀ lé, pé ẹni tí ẹ̀rí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó mú un wá. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ ká di mú jálẹ̀ àlàyé yìí, nítorí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìbéèrè tó tọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ohun méjì kan wà tí àwọn èèyàn ń pò pọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ máa kọ́ Yorùbá bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Ọ̀tọ̀ ni kí tíṣà máa fi Yorùbá kọ́ ọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èyí kejì là ń pè ní èdè ìkọ́ni, òun sì ni ìkéde náà dá lé lórí. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018, tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan nílé-ẹ̀kọ́, ti èyí àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bá ní wọ́n ti lé Yorùbá kúrò nílé-ìwé ti pa méjèèjì pọ̀.

Ṣé wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́mọ tẹ́lẹ̀ ni?

Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti pẹ́. Ìlànà Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1977 ti ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè agbègbè bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ, kí Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á tó bá yá. Àwọn àtúnṣe tó tẹ̀ lé e fi í sí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun tó sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà gbáko. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, ló kéde rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì sọ lọ́jọ́ náà pé kò ní rọrùn, pé ìwé ìkọ́ni àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nílẹ̀.

Nínú kíláàsì, nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ láti jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanákúlà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, pàápàá ní ìgbèríko, tíṣà á ka gbólóhùn kan láti inú ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, á yí i sí Yorùbá kó lè yé àwọn ọmọ, á wá kọ nóòtì sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì. Tí ìdánwò bá dé, Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè. Ọmọ yẹn kò kọ́ ẹ̀kọ́ ní Yorùbá, kò sì kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àdàlù ló kọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní a ti gbìyànjú èdè abínibí wò, kò ṣiṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ilé-ẹ̀kọ́ wo ló gbìyànjú rẹ̀? Ibi kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ tọkàntọkàn tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe ní Ifẹ̀?

Ní 1970, ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, lọ mú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì yẹ ká kíyè sí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni iṣẹ́ tí Afọláyan mọ̀ jù. Kì í ṣe àwọn tó kórìíra Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọmọ ń jáde ìwé mẹ́fà láìlè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, láìlè kọ Yorùbá dáadáa, tí kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n fura pé bí wọ́n ṣe ń yí èdè padà mọ́ ọmọ lójú lójijì, ní bí ó ṣe wọ ìwé kẹrin, wà lára ohun tó ń fà á.

Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ kan kọ́ gbogbo iṣẹ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, gbogbo ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó dá lórí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì ń kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kejì ni ti ìfiwéra: wọ́n kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣe nígbà náà. Ẹgbẹ́ ìfiwéra yìí ni ọkàn ìwádìí. Bí kò bá sí i, tí àwọn ọmọ bá ṣe dáadáa, èèyàn á kàn máa rò pé èdè ló fà á, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ náà gbọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tó gba agbára jù ni ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún ìwé kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún nǹkan tí kò ní orúkọ nínú Yorùbá, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí wọ́n á ṣe lò ó. Ẹ rántí apá yìí, nítorí ibẹ̀ la máa padà sí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò. Díbú Òjéríndé, pẹ̀lú Gary Cziko, ló ṣe púpọ̀ nínú àyẹ̀wò náà ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Òjéríndé yìí kan náà ló di ọ̀gá àgbà NECO nígbà tó yá, tó tún wá di ti JAMB. Fáfúnwá sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990.

Báwo ni ọmọ tó lo Yorùbá ṣe lè mọ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹni tó lo Gẹ̀ẹ́sì lọ?

Ìbéèrè yìí ló máa ń mú kí àwọn òbí máa mirí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Onímọ̀ kan ní Kánádà, Jim Cummins, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1979 lọ́nà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Pé àmì inú ìwé dúró fún ìró ẹnu, pé gbólóhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, pé a lè fọkàn yẹ ohun tí a kà wò ká sì bi í léèrè, ọmọ tó bá ti mọ ìwọ̀nyí ní èdè kan máa gbé e lọ sínú èdè kejì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kó kọ́ bí a ṣe ń kàwé ní èdè tí kò gbọ́, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni kì í rí ọ̀kan ṣe yanjú.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ kékeré kan. Tíṣà fẹ́ kọ́ ọmọ bí omi ṣe ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Tó bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méje á pe "evaporation" tẹ̀ lé e ní ìgbà mẹ́wàá, á há a sórí, á kọ ọ́. Tó bá bi í ní Yorùbá pé, "Aṣọ tí màmá ẹ sá láàárọ̀, níbo ni omi ara ẹ̀ lọ?" ọmọ á ronú. Ó ti rí i rí. Á dáhùn, ẹgbẹ́ ẹ̀ á ta kò ó, tíṣà á wá bá wọn dá sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ti yé e kí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó dé.

Kí ni wọ́n ń bá ìwádìí Ifẹ̀ jà sí?

Ohun tí àwọn tó ń ta kò ó ń sọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkọ́kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kéré níye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mú un dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́yìn náà. Èkejì, àwọn ọmọ náà ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe, ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní abúlé kì í sábà rí. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá mọ̀ pé yunifásítì ń wo òun, yálà olùkọ́ tàbí ọmọ, á múra sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀kẹrin, ìlú tí Yorùbá ti jẹ́ èdè gbogbo ilé ni wọ́n ti ṣe é. Kò lè sọ fún wa bí yóò ti rí ní Àjégúnlẹ̀ tàbí ní Àbújá.

Lójú tèmi, ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn dájú ni pé ọdún mẹ́fà ní Yorùbá kò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, bí ìwé bá wà, tí olùkọ́ bá mọṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an dáadáa. Ohun tí kò fi hàn ni pé bí ìjọba bá kàn kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ́mọ, láìsí ìwé, láìsí olùkọ́, àbájáde kan náà ló máa wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Ifẹ̀ ṣẹ̀rí máa ń fo èyí.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà ńkọ́?

Mẹ́ta péré ni màá mú, nítorí wọ́n kọ́ wa ní nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra.

Ní Kamẹrúùnù, ní ẹkùn àríwá ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú ilé-ẹ̀kọ́ méjìlá láti fi èdè Kom kọ́mọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì fi méjìlá mìíràn tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì nìkan wé wọn. Àwọn ọmọ Kom fi àwọn yòókù sílẹ̀ jìnnà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, wọ́n sì ń wá sílé-ìwé déédéé jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá wọn padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún méjì, púpọ̀ nínú àǹfààní náà ti lọ. Wọ́n ṣì wà níwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjèèjì ni máàkì wọn kéré. Àwọn tó fara mọ́ èdè abínibí ní èyí fi hàn pé ọdún mẹ́ta kò tó, pé ọdún mẹ́fà bíi ti Ifẹ̀ ló yẹ. Àwọn alátakò ní ó fi hàn pé àǹfààní ẹ̀ kì í pẹ́. Àbájáde kan náà ni wọ́n jọ ń kà.

Ti Uganda ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní agbègbè Lango, àjọ kan tó ń jẹ́ Mango Tree ṣe ètò ìwé kíkà ní èdè Leblango fún ọmọ ìwé kìíní. Àwọn olùwádìí méjì, Jason Kerwin àti Rebecca Thornton, wá fi gègé pín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba ètò náà ní kíkún, àwọn kan gba èyí tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, àwọn kan kò gba nǹkan kan. Níbi tí ètò náà ti pé, ìwé kíkà àwọn ọmọ fò sókè lọ́nà tí a kì í sábà rí nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti dín owó kù, tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fúyẹ́, tí wọ́n sì yọ síléètì àti aago ara ògiri kúrò, àǹfààní inú ìwé kíkà kéré gan-an, ìwé kíkọ àwọn ọmọ sì wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò gba nǹkan kan lọ. Èdè kan náà ni o. Ìwé kan náà. Síléètì, aago àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ló yàtọ̀.

Ní Kenya, ìwádìí tí Benjamin Piper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 kò gbè sẹ́yìn èdè abínibí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo àwọn ọmọ tó fi Kikamba àti Lubukusu kàwé, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ètò kan náà láìsí èdè abínibí. Àwọn ọmọ èdè abínibí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kiswahili ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì rẹ̀yìn díẹ̀ nínú ìṣirò. Ẹni tó bá ń kó ẹ̀rí jọ gbọ́dọ̀ kó èyí náà mọ́ ọn.

Ṣé èsì WAEC lè sọ fún wa bóyá èdè abínibí ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́?

Ibí ni iyàn ti le jù.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 láìtún kíláàsì kankan jókòó wọ ìwé kìíní ní nǹkan bí 2013, ó sì parí ìwé mẹ́fà ní 2019. Ìlànà ọlọ́dún mẹ́fà kò jáde títí di òpin 2022. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tó jẹ́ pé òun ni ìlànà náà ì bá kọ́kọ́ kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé kẹta ló wà nígbà tí mínísítà fagi lé e. Ọdún 2035 ni yóò ṣe WAEC. Èsì 2025 kò lè sọ nǹkan kan nípa ìlànà 2022.

Ìdáhùn tó wá láti ìhà ìjọba ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ ní 2022, pé ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ní àwọn ẹkùn kan. Ìyẹn ṣeé ṣe. Àmọ́ ohun tí ìkéde náà gbé síwájú ni pé ẹkùn báyìí lo èdè abínibí, ẹkùn náà sì fìdí rẹmi. Ẹkùn lè fìdí rẹmi nítorí ìṣẹ́, nítorí ọmọ ọgọ́rùn-ún nínú kíláàsì kan, nítorí tíṣà tí kì í wá, nítorí ìjínigbé tó ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ibi tí òjò ti ń rọ̀ ni agbòjò ti ń pọ̀. Agbòjò kọ́ ló mú òjò wá. Kí a tó lè mọ̀, a ní láti mú ilé-ẹ̀kọ́ tó jọra ní gbogbo ọ̀nà, tó sì yàtọ̀ ní èdè ìkọ́ni nìkan, ká fi wọ́n wéra, bí wọ́n ti gbìyànjú láti ṣe ní Mọdákẹ́kẹ́.

Èsì ìdánwò fúnra rẹ̀ náà ní àlébù tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 2025, WAEC kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ló gba kírédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé àṣìṣe wọ máàkì iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé wọ́n fún àwọn ọmọ ní bébà ìbéèrè tó tò yàtọ̀ síra kí wọ́n má bàa wo ara wọn, tí ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì ọ̀kan kò sì bá a mu. Wọ́n ṣe é tún, ó di 62.96. Ti 2024 jẹ́ 72.12. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ fi iná fóònù kọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì náà lóru. Ní JAMB, ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù ni wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe nítorí àṣìṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fi irú èsì bẹ́ẹ̀ wọn èdè ìkọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gbogbo ìyẹn kúrò lára rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ fi fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn tó fara mọ́ ìpinnu náà ní ìdí tó dáa, kò sì yẹ ká pè wọ́n ní ọ̀tá àṣà.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe WAEC, òun ni wọ́n fi ń wáṣẹ́, òun ni yunifásítì ń béèrè. Òbí tó ń san owó ilé-ìwé láti inú owó tí ó rí níbi ọjà ata fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ní kíá, kó lè mọ̀ pé owó òun kò ṣòfò. Ọmọ olówó ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá wá fi Yorùbá nìkan kọ́ ọmọ tálákà, àwọn kan ń bẹ̀rù pé àlàfo tó wà láàárín wọn á tún fẹ̀ sí i. Ìbẹ̀rù gidi ni.

Ọ̀rọ̀ ta ni èdè abínibí jẹ́ tún wà níbẹ̀. Nígbà ìkéde 2022, èdè 625 ni Adamu Adamu sọ pé ó wà ní Nàìjíríà. Nínú kíláàsì kan ní Èkó, ọmọ Yorùbá, Ígbò, Hausa àti Ègùn lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ní Àgbádárìgì, bí a bá ní Yorùbá ni èdè ìkọ́ni, ọmọ Ègùn ṣì ń fi èdè ẹlòmíràn kàwé ni. Ọmọ Ìlàjẹ tàbí Ìkálẹ̀ pàápàá, Yorùbá inú ìwé kì í ṣe èyí tí ìyá rẹ̀ ń sọ nílé.

Tíṣà ńkọ́? Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ mọ bí a ṣe ń kọ́mọ ní Yorùbá. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní kí tíṣà ìṣirò kọ́ ọmọ ní ìdá nǹkan, ó máa ń ṣòro fún un láti rí ọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì lè fi àmì sórí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ o: ní àwọn ọdún 1980, àjọ ìwádìí ẹ̀kọ́ ti ìjọba ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní èdè mẹ́sàn-án ilẹ̀ yìí. Ó kù kó dé ọwọ́ tíṣà.

Àwọn onímọ̀ èdè tó ta ko ìpinnu náà gbà pé gbogbo ìṣòro wọ̀nyí wà. Èsì wọn ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: bí ìwé kò bá sí, ẹ tẹ ìwé, bí tíṣà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ ọ. Àwọn tó wà níhà kejì á sì béèrè pé ta ni yóò san owó ìwé fún èdè ọgọ́rùn-ún mẹ́fà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì ní òrùlé.

Ṣé ibì kan wà tí gbogbo wọn ti fẹnu kò?

Ó wà, ibẹ̀ sì gbòòrò ju bí ariwo ti ń mú ká rò lọ. UNICEF sọ pé nǹkan bí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kúkúrú kí ó yé e, tàbí kó ṣe ìṣirò tí kò le. Kò sẹ́ni tó ń bá èyí jiyàn. Kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n má kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí wọ́n ti yapa ni bóyá Gẹ̀ẹ́sì máa jẹ́ ọ̀nà láti ọjọ́ kìíní tàbí kó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ dáadáa títí ọmọ á fi lè fi í ṣe ọ̀nà. Ìwádìí Ifẹ̀, ti Uganda àti ti Kenya tilẹ̀ pàdé níbì kan: olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, tó ní ìwé tó tọ́ lọ́wọ́, tí ẹnìkan sì ń wá bẹ̀ ẹ́ wò, ń mú ọmọ tẹ̀ síwájú.

Kí ni òbí tàbí olùkọ́ lè máa bojú tó báyìí?

Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ló ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. SUBEB, ìyẹn àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló ń gba tíṣà, tó sì ń pín ìwé, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni ìkéde Àbújá ti máa di ìṣe tàbí kó kú sórí ìwé, bí ti 2022 ṣe ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ SUBEB ìpínlẹ̀ rẹ̀ lè mú ìbéèrè mẹ́ta dání. Láàárín 2013 sí 2025, ilé-ẹ̀kọ́ wo gan-an ní ìpínlẹ̀ wa ló fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti ìwé kìíní dé ìkẹta, èsì àwọn ọmọ wọn sì dà? Ní báyìí tó ti di Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ mélòó ni ẹ ti dá lẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ tí kò gbọ́ ọ nílé? Ẹ̀kẹta kan tíṣà tó wà ní abúlé lónìí, tó ń fi Yorùbá túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ìwé kejì torí pé ọ̀nà mìíràn kò sí tí ẹ̀kọ́ á fi yé wọn: ṣé ẹ máa ní kó dákẹ́ ni, àbí ẹ máa kọ́ ọ bó ṣe lè ṣe é dáadáa?